Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Ilé wíwá, àlejò àti omi kàǹga l'Ógbómọ̀ṣọ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Kò yà mí lẹ́nu, tí àwọn ọmọ yunifásítì bá ti ń wọlé báyìí, ẹ́jẹ́ǹtì máa ń di ọba nílùú ni. Mo mú márùn-ún nínú wọn, ẹ̀yin tó kù ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ máa rí tiyín lóṣù tó ń bọ̀.

Under G ni àbí àárín ìlú?

*Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ìlọrin la wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ tíṣà ní sẹ́kọ́ńdìrì kan l'Ógbómọ̀ṣọ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ òru ló sábà máa ń ṣe, ọmọ wa kan ṣoṣo wà ní pámárì 3. Ẹ́jẹ́ǹtì mú mi lọ sí Under G, àdúgbò tó wà níwájú yunifásítì LAUTECH, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí kò sí nǹkan tí èèyàn fẹ́ rà tí ò sí níbẹ̀, àmọ́ ìyàwó mi ní ariwo ibẹ̀ máa pa òun, ó ní ká kúkú lọ sápá Sábó tàbí àárín ìlú. Ibo ni kí n mú? — Bàbá ọmọ kan, Ìlọrin*

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun o. Mi ò lè bá yín mú ilé tí mi ò rí, àmọ́ mo mọ Under G, mo sì mọ Sábó, ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó kí n tó kó lọ sọ́nà Adénìkẹ́, ohun tí mo bá sọ, ojú mi ló ṣe.

Ilé ìwé ló bí Under G. LAUTECH tó wà níwájú ẹ̀ yẹn, ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Oyo State University of Technology ló ń jẹ́ nígbà yẹn kí wọ́n tó wá fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá sọ ọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣe pírẹ́míà Western Region. Látìgbà náà ni ilé ti ń hù níwájú géètì bí olú. Ẹ lọ síbẹ̀ lágogo méje àárọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Oníbúrẹ́dì àti ẹ̀wà agọ̀nyìn ti dúró, oníPOS mẹ́ta lójú kan, ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ti tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, kẹ́míìsì ti ṣí, àbókì tó ń ta èso ń fi omi wọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọkùnrin kan jókòó sídìí tábìlì tí ò tóbi ju páálí lọ ó ń tú fóònù. Ìyá Ẹ̀bìrà kan wà lójú títì kejì tó ń dín àkàrà, tẹ́ ẹ bá ní kó má fi ata púpọ̀ sí i á wò yín bíi pé ẹ bú ìyá ẹ̀. Ọmọ Ìgbò tó ń ta ṣáájà ló kọjú sí i, àwọn méjèèjì ló ń fi Yorùbá bára wọn jà, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé. Àwọn ọmọ ilé ìwé fúnra wọn, kò sí ìpínlẹ̀ tí wọn ò ti wá. Torí náà ẹ ò parọ́, gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ ti ta ni gbogbo nǹkan yẹn? Ti ọmọ ogún ọdún tí ò tíì lọ́mọ ni. Ilé ibẹ̀, sẹ́ẹ̀fù-kọ́ǹtéènì ló pọ̀ jù, yàrá kan tí wọ́n fi kíṣìnnì bíi kọ́bọ́ọ̀dù sí lára, wọ́n kọ́ ọ fún ẹni tó máa lò ó fún sáà mélòó kan kó tó lọ. Ibi tí ọmọ pámárì 3 á ti gbá bọ́ọ̀lù ò sí, àfi iwájú ilé tí Máíkírà àti ọ̀kadà ń gbà. Ọjà ibẹ̀ gan-an, ìgbà àwọn ọmọ yẹn ló ń tẹ̀ lé. Lọ́dún 2020 tí kòrónà ti gbogbo ilé ìwé pa láti oṣù kẹta, mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá alámàlà tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tò kó tó kàn án tẹ́lẹ̀, mo bá a tó jókòó síwájú ìkòkò kan ṣoṣo, ó ní "ẹ wá jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí n ṣáà ti rí ẹni tó ń jẹun." Irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ ní Tákìé láàárín ìlú. Tákìé, kòrónà ò kòrónà, èèyàn ń bẹ.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ ariwo tí ìyàwó yín sọ, torí ibẹ̀ lẹ̀yin méjèèjì ò tíì rò dáadáa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán ló ń sùn. Ariwo Under G, alẹ́ ló máa ń gbóná, orin, pátì ọjọ́ ìbí, jẹnẹrétọ̀. Láàárọ̀ tí wọ́n bá ti lọ sí kíláàsì, ìyẹn ọmọ tó bá lọ, ilé máa ń dákẹ́ ni. Àárín ìlú ńkọ́? Ọ̀sán ni tibẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ń ké, oníkásẹ́ẹ̀tì wáàsí ń gbé tiẹ̀, ọmọ pámárì ń ka ABD, ọlọ́jà ń ná ọjà lójú fèrèsé yín. Nọ́ọ̀sì tó wọlé lágogo mẹ́jọ àárọ̀ tó fẹ́ fi orí kan ìrọ̀rí, ọwọ́ ẹ̀rọ ìlọta ló máa kú sí, kì í ṣe ọwọ́ sítúdẹ́ǹtì. Ẹ̀yin àti ọmọ lẹ máa jẹ ariwo Under G, kì í ṣe òun. Mo mọ̀ pé ó máa yà á lẹ́nu. Ẹ kà á sí i létí.

Ohun tí èmi máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni: mo máa wá ilé sápá ibi tó sún sẹ́yìn, bí Adénìkẹ́ tàbí ojú títì kẹta, kẹrin, lẹ́yìn ojú ọ̀nà Under G, níbi tí lándílọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ti ń gbé inú ilé. Ẹ máa gbádùn ọjà wọn, ẹ ò ní sùn sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ọsibítù tí madam máa ti ṣiṣẹ́ o. Tó bá jẹ́ Bowen ni, ọsibítù tí àwọn Baptist bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1907 yẹn, tàbí Teaching Hospital ti LAUTECH tí àwa àgbà ṣì ń pè ní Jẹ́nẹ́rà, apá ìlú nìyẹn, owó ọ̀kadà alẹ́ nìkan lè jẹ owó oṣù ẹ̀ tán. Obìnrin tó ń jáde lágogo mẹ́jọ alẹ́ lójoojúmọ́, ó yẹ kí ọ̀nà ẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì kúrú.

Omi wá ńkọ́. Ibi tí mo ti rí i táwọn èèyàn ti ń sunkún jù nìyí. Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, àpáta ló wà lábẹ́ ẹ̀, kàǹga tó ń yọ̀ ṣìnkìn lóṣù kẹsàn-án lè di ẹrẹ̀ lóṣù kejì. Bóhòólù náà, tí wọn ò bá gbẹ́ ẹ bá ojú ibi tí àpáta ti sán, afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa fà. Tẹ́ ẹ bá dé ilé kan, ẹ má bi ẹ́jẹ́ǹtì pé ṣé omi wà, bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ wo okùn ìfami. Tó bá jẹ́ okùn mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ tí àwọ̀ wọn ò dọ́gba, ó túmọ̀ sí pé omi ń sá lọ sísàlẹ̀, wọ́n sì ń sá tẹ̀ lé e. Ẹ tún wo ibi tí sọ́kàwéè wà, mítà 30 ló yẹ kó jìnnà sí kàǹga, mo ti rí ilé tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ méjèèjì ẹ máa fọwọ́ kan àwọn méjèèjì pọ̀.

Iná, ẹ béèrè Band tí àdúgbò wà, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín àdúgbò sí nípa wákàtí iná tó ń rí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbówó iná lé àwọn Band A lórí ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé rẹ́ǹtì. Lórí ìwé, A ń gba wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Lórí ìwé ni mo sọ o. Kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń lọta tàbí ẹni tó ń ta yìnyín ládùúgbò, àwọn yẹn ló ń ka wákàtí iná bí ẹni ń ka owó.

Wọ́n ní kí n má fún àlejò nílé

*Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi tó ti dolóògbé ló kọ́ ilé onírúùmù mẹ́fà sílẹ̀ fún wa. Yàrá méjì ló ṣófo. Ọmọ Ìgbò kan tó ń ta pátì mọ́tò wá, lẹ́yìn náà tọkọtaya Ẹ̀bìrà kan wá pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó fariga, wọ́n ní Yorùbá nìkan ni kí n fún, pé tí ọ̀rọ̀ bá dé a ò mọ ilé ẹni tá a máa lọ. Owó ò sì dúró deni. — Ìyá onílé, Ògbómọ̀ṣọ́*

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tẹ́ olóògbé sáfẹ́fẹ́ rere. Kò sígbà tí wọn ò ní bi mí ní ìbéèrè yìí, inú mi máa ń ru sí i, torí mi ò tíì rí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ò lẹ́nì kan nínú ẹbí tó ti ṣe àlejò nílùú onílùú rí. Àwọn bàbá wa ló kún Tamale àti Kumasi bámúbámú, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta wọ́ròbo, wọ́n kọ́ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia ní kí àjèjì tí ò níwèé ó kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá tó bí ìyá mi wà lára wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti àpótí kan ló gbé wálé, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ohun tó máa ń sọ títí tó fi kú ni pé onílé òun, Dàgọ́ńbà kan, ẹ̀yà tó ni apá Tamale yẹn, tí ò gbọ́ ẹ̀là Yorùbá kan, ló bá òun di àpótí yẹn, ló sin òun dé gáréèjì, tó ń sunkún. Ẹ ronú ẹ̀ wò, ká ní Dàgọ́ńbà yẹn ti kọ̀ pé òun ò ní fún Yorùbá nílé látìbẹ̀rẹ̀, ibo ni màmá mi ì bá ti rí owó ilé ìwé?

Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ ká lọ jìnnà, Ṣọ̀ún tó wàjà lóṣù kejìlá ọdún 2021, Ọba Jimoh Oyèwùmí, Ajágungbádé Kẹta, Jọ́ọ̀s ni wọ́n ti ń ṣòwò kí wọ́n tó wá gorí oyè lọ́dún 1973. Ẹnì kan ló rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù fún àwọn náà.

Ó ti tó. Ohun tó kan ìyá onílé wá ni pé ta ni ẹni yìí, kì í ṣe ìlú wo ló ti wá. Àwọn ọmọ yín ní ẹ ò mọ ilé ẹ̀, ṣé ẹ mọ ilé gbogbo Yorùbá tó ti jẹ yín lówó ni? Èyí tó kó jáde lóru tó tún tú gílóòbù lọ, mo lérò pé ẹ rántí ẹ̀, àwọn irú yẹn kì í sọ èdè míì. Ẹni tó ń ta pátì mọ́tò, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ bíi wákàtí kan bíi pé ẹ fẹ́ ra nǹkan. Ẹ wò ó bó ṣe ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀, ẹ bi mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó kún, kì í sá. Àwọn Ẹ̀bìrà náà, ẹ bèèrè ilé tí wọ́n ti ń bọ̀, ẹ lọ bá lándílọ́ọ̀dù ibẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: kí ló dé tí wọ́n fi ń kó lọ?

Kẹ́ ẹ wá ṣe ìwé o. Ágírímẹ́ǹtì, onígbọ̀wọ́ kan tó ń gbé nílùú yìí, rìsíìtì fún kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ bá gbà. Òfin ilé, bíi ìgbà tí wọ́n máa gbálẹ̀, ìgbà tí wọ́n máa ti géètì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kọ́rídọ̀, kó jẹ́ ọ̀kan náà fún Yorùbá àti ẹni tí kì í ṣe Yorùbá. Nílé tí mo gbé ní Sábó, ẹ̀yà mẹ́rin la jẹ́ nínú yàrá mẹ́jọ. Ohun tá a máa ń jà lé lórí kì í ṣe ẹ̀yà láéláé, ta ló gbé kẹ́ẹ̀gì ẹlòmíì kúrò lórí ìlà ni. Aago márùn-ún ìdájí, kẹ́ẹ̀gì á ti tò yíká kàǹga, yẹ́lò, búlúù, èyí tí wọ́n fi bẹ́líìtì so ọrùn ẹ̀, àwọn tó ni ín ṣì ń sùn. Kẹ́ẹ̀gì ló ń dúró fún wọn. Tó o bá ti sún kẹ́ẹ̀gì ẹnì kan sẹ́yìn, o ti bu gbogbo ìran ẹ̀ nìyẹn.

Ti ọmọ mẹ́ta yẹn, èyí ni kẹ́ ẹ rò dáadáa. Èèyàn márùn-ún nínú yàrá kan, ilé ìgbẹ́ yín ńkọ́, ó gba? Ìyẹn ni ìbéèrè tó tọ́.

Mítà kan, yàrá mẹ́jọ

*Ẹ̀gbọ́n, iye kan náà ni gbogbo wa ń dá fún iná oṣooṣù nílé wa. Èmi gílóòbù méjì àti fáànù kan ni mo ní. Bọ̀dá kan wà tó ń fọṣọ lọṣọ fún àwọn èèyàn, ilẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ṣú aáyọ́ọ̀nù ni. Tí mo bá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní mo láwun. — Ẹni tí iná ń jó lójú, Ọjà Igbó*

O ò láwun jàre. Ìṣirò ni, kò le. Yúníìtì kan tí mítà ń kà, wọ́ọ̀tì 1,000 fún wákàtí kan ni. Aáyọ́ọ̀nù gbígbẹ tí gbogbo wa ń lò, bíi wọ́ọ̀tì 1,000 náà ni, tó bá fi ń gbóná fún wákàtí kan gbáko, ó ti jẹ yúníìtì kan. Gílóòbù tìẹ tó bá jẹ́ wọ́ọ̀tì 10, wákàtí 100 ló máa tàn kó tó jẹ iye yẹn. Fáànù tó bá jẹ́ wọ́ọ̀tì 70, bíi wákàtí 14. Kọ ọ́ síwèé, mú un lọ sí mítíìnì ilé, má pariwo, má dárúkọ bọ̀dá, jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe ìṣirò ẹ̀. Bọ̀dá ń fi iná pawó, kó ra mítà kékeré tí wọ́n ń fi sí yàrá, oníná lásán ládùúgbò á bá a so ó, kó máa san èyí tó lò. Kí wọ́n tó so ó, kó dá owó èèyàn mẹ́ta. Tó bá kọ̀, á jẹ́ pé àwọn méje tó kù ló gbà fún un, ẹjọ́ wá dọwọ́ wọn.

Jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà

*Mà, ojo ń pa jẹn wa níta, ṣé kò burú tá a bá gbé e sí kọ́rídọ̀ ká sì ṣílẹ̀kùn? — Sítúdẹ́ǹtì, ipele kejì*

Ó burú. Má ṣe é. Èéfín yẹn ní nǹkan kan nínú tí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, oorun lásán ló máa dà bí ẹni ń kùn yín, ẹ ò ní jí. Ìlẹ̀kùn tẹ́ ẹ ṣí ò lè gbà yín. Ẹ kan páànù méjì sórí igi mẹ́rin níta, kó jìnnà sí fèrèsé yín, kó sì jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò. Tójò bá pọ̀, ẹ pa á, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì.

Kí ló dé tí gbogbo ìlú fi ní Sábó?

*Mo dé Ìbàdàn, Sábó wà. Mo dé Ọ̀yọ́, Sábó. Ògbómọ̀ṣọ́ náà. Ta ni Sábó yìí? — Arìnrìn-àjò*

Kì í ṣe èèyàn o. Èdè Hausa ni, "sabon gari", ìlú tuntun, ìyẹn ibi tí àlejò tó ti òkè ọya wá ń tẹ̀dó sí. Ẹnu Yorùbá ló gé e kúrú. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Sábó tiwa ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àdúgbò tí à ń pè ní ti Yorùbá nílùú yìí lọ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Under G, ẹ sọ èyí tó jẹ́ tuntun fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra súyà, ibẹ̀ ni mo ti ń ra fùrá. Ìyá kan tún wà tó ń ta másà nírọ̀lẹ́, pẹlẹbẹ irin tó nihò ló fi ń dín in, á fi ṣíbí kékeré yí i padà bí ẹni ń yí ojú ìwé. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n ṣe àṣehàn, mo kó gbogbo Hausa tí bàbá ìyá mi kọ́ mi jọ, mo fi kí i, mo fi béèrè iye, mo fi ní kó fi yajì sí i. Ó fetí sí mi títí mo fi parí. Ó wá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa sọ Yorùbá, ẹ máa jẹ́ kí másà jóná."